Awọ kò kájú ìlù: bí mo ṣe kó wọ ilé ìtajà tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ ní Ifẹ̀

Ẹni tó bá ń dúnàá-dúrà lọ́wọ́ lórí ilé ìtajà ńlá tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nínú rẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó má tíì sanwó. Kó ka tèmi ná. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ènìyàn mẹ́ta ló ti bi mí láàárín ọdún kan bóyá kí àwọn gba irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa tún un sọ lórí fóònù.

Ọdún 2016 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Parakin, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, ogún ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, ọgbọ̀n ní gígùn. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù gààrí àti ọṣẹ ìfọṣọ. Ohun tí àwọn olùkọ́ fásitì, àwọn dókítà àti àwọn tó ti òkè òkun dé máa ń ní kí ará Èkó bá àwọn rà ni mò ń tà: òróró ólífì, ọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, wàràkàṣì, búrẹ́dì àlìkámà, oyin tí mo mọ ẹni tó fà á, ẹ̀fọ́ tí a ti ṣà, tí a ti fọ̀, tí a sì dì sínú ọ̀rá mímọ́. Ọjà mi wọ́n, mi ò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní 2019 mo ṣí ìkejì ní Òkèsà, ní Iléṣà. Méjèèjì kéré, wọ́n sì kún.

Kíkún yẹn ló tàn mí. Nínú yàrá kékeré, oníbàárà mẹ́ta ti tó èrò, ìgò oyin mẹ́wàá sì ti tó ọ̀ṣọ́. Mo rò pé ọjà ló ń ta ara rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ògiri ń bá mi tà.

Ní ìparí 2021, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní apá Lágere kógbá sílé. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò ṣẹ̀ mí. Ẹ́jẹ́ǹtì pè mí kí ariwo tó ta. Ilé náà fẹ̀ tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, ó gùn tó márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ti Parakin jẹ́ 600 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, èyí jẹ́ 4,500. Ìlọ́po méje àtààbọ̀! Èmi ò ṣírò kankan lọ́jọ́ náà. Mo wo òrùlé tó ga, mo wo táìlì tó ń dán, mo wo àwọn àtẹ onírin tí wọ́n fi sílẹ̀ àti yàrá títutù ńlá tó wà lẹ́yìn, mo ní ilé ti parí, ọjà ló kù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá Tọ́lá, ọkọ mi, bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Kí ló lé àwọn tó wà níbẹ̀ lọ?" Mo dáhùn pé wọn ò mọ ọjà tà ni. Ó wò mí, ó padà sídìí ìròyìn rẹ̀. Mo san owó ọdún méjì, mo san ti ẹ́jẹ́ǹtì, mo san ti ìwé àdéhùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a gba kọ́kọ́rọ́ ni àwọn oníná gbé àkàbà dé. Gbèsè ẹni tó lọ wà lórí mítà, ó sì lé ní ₦800,000. Mo kó ìwé jáde, mo fi hàn wọ́n pé ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo dé ibẹ̀. Àwọn ò mọ ẹni tó lọ, wọn ò mọ ẹni tó dé, nọ́mbà mítà ni wọ́n mọ̀. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n já wáyà. Mo sáré pe lánlọ́ọ̀dù. Bàbá náà fi sùúrù gbọ́ mi tán, ó wá ní, "Ìyá Tọ́lá, ilé ni mo fi háyà fún yín. Mi ò fi iná háyà fún ẹnikẹ́ni." Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wà nínú òkùnkùn kó tó gbà pé ká pín gbèsè náà sí méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ gba nọ́mbà mítà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé ọ́fíìsì àwọn oníná, kí wọ́n tẹ ìwé gbèsè rẹ̀ jáde fún yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó wọlé, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú mítà. Ẹ béèrè owó ìjọba ìbílẹ̀ náà, àti owó pátákó orúkọ tó wà lójú títì, torí pé wọ́n gba ti ọdún méjì tó kọjá lórí pátákó náà lọ́wọ́ mi, orúkọ ẹlòmíràn ló sì wà lára rẹ̀.

A ṣílé ní oṣù kìíní 2022. Àdúrà wà, jọ́lọ́ọ̀fù wà. Ní ọjọ́ kejì ìjà bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó lọ ti lẹ iye owó mọ́ etí àwọn àtẹ wọ̀nyẹn, bébà kéékèèké tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti yọ èyí tí ojú rí. Wọn ò yọ èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ènìyàn ní láti lóṣòó kó tó rí i. Obìnrin kan gbé mílíìkì alágolo dé iwájú kásíà, a pè é ní ₦1,900. Kò sọ̀rọ̀. Ó padà lọ sídìí àtẹ, ó fi èékánná họ bébà náà kúrò, ó mú un wá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì kásíà: ₦1,250. "Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ ni?" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń yọrùn. Mo tà á fún un ní ₦1,250. Ẹni mẹ́rin mìíràn wá bẹ̀rẹ̀ sí í lóṣòó káàkiri ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wá bébà.

Mo ń rẹ́rìn-ín sí i nísinsìnyí, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura sí ohun tó wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń wọlé kì í ṣe oníbàárà mi. Oníbàárà ẹni tó lọ ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ló mọ ọ̀nà. Ìrẹsì àpò ńlá, òróró jẹ́ríkáànù, ìdìpọ̀ ọṣẹ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n bá wá. Wọ́n á gbé òróró ólífì mi, wọ́n á wo owó rẹ̀, wọ́n á rọra dá a padà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn oníbàárà tèmi, àwọn ará Parakin, gbọ́ pé mo ti kó lọ sí ilé àwọn báyìí-báyìí, wọ́n rò pé mo ti di irú wọn.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ló kàn. Àtẹ méjìdínlógún ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje. Ọjà ṣọ́ọ̀bù méjèèjì kò kún àtẹ márùn-ún. Ẹ wá wò ó bí ọkàn mi ṣe ń já nígbàkigbà tí mo bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé: irin funfun lásán, bí egungun. Ojú ń tì mí. Mo lọ yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi ra ohun tí mi ò nílò kí àtẹ lè bò. Ogójì páálí ọ́ọ̀tì. Ọgbọ̀n páálí àgbàdo alágolo. Ní Parakin, páálí ọ́ọ̀tì mẹ́ta là ń tà lóṣù. Ẹ fi mẹ́ta pín ogójì, kí ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé yóò bàjẹ́. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ti rí ohun tí mi ò rí.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì 2022, àyájọ́ olólùfẹ́, bọ́ sí. Mo ti gbé ṣokoléètì, wáìnì aláìlọ́tí àti apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn tí a fi ríbọ́ọ̀nù pupa dì sí ẹnu ọ̀nà fún àwọn ọmọ fásitì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, kéde ìyanṣẹ́lódì. Oṣù kan péré, wọ́n ní, kí ìjọba lè gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà mo ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo àwọn ọmọ tó ń wọ́ àpótí wọn lọ síbi ọkọ̀. Ọ̀kan yà wọlé, ó ra omi tútù àti bisikíìtì ìrìn-àjò. Ó wo àwọn apẹ̀rẹ̀ pupa náà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìnáwó," ó jáde.

Oṣù kan di oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ló sì lọ: ìjọba kò san owó oṣù fún àwọn olùkọ́ tó yanṣẹ́ lódì, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń ra wàràkàṣì mi. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà olówó ńlá ní Ifẹ̀, kó mọ̀ pé gbogbo ìlú yìí ń mí láti imú kan. Tí géètì fásitì bá tì, ó tì dé Lágere.

Ká tó mí tán, díísù. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìkéde yẹn ni Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, nígbà tó sì fi di àárín ọdún, lítà díísù kan ti lé ní ₦600. Yàrá títutù tí mo bá níbẹ̀, tí mo kà sí ọlá, jẹnẹrétọ̀ mi kékeré kò lè gbé e. Mo ra èyí tó tóbi ní tòkunbọ̀. A ń sun díísù láti mú afẹ́fẹ́ tutù, torí ohun tó wà nínú yàrá náà kò ju adìyẹ páálí mẹ́fà àti ẹja díẹ̀ lọ.

Onífíríìjì kan láti Sábó ló là mí lójú. Ó wọ inú yàrá náà, ó pa ẹsẹ̀ dà, ó jáde, ó ní, "Mà, ẹ pa á. Ẹ lọ ra fírísà mẹ́ta, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kún." Mo ní kí ni màá fi kún un? Ó ní omi inú ọ̀rá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òótọ́ ló sọ. Fírísà tó kún dáadáa, tí a kò bá ṣí i, lè mú òtútù dání fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì kò lè ju nǹkan bí 24 lọ. Ohun tó ti dì ló ń bá èkejì rẹ̀ mú òtútù. Títí dòní, ibi tí ẹja kò bá dé nínú fírísà mi, omi inú ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Mo so òṣùwọ̀n òtútù kọ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí a máa kọ ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wà ní −18°C. Tó bá ti ń gòkè, a pa ẹnu rẹ̀ dé, a ò tà.

Ní bí oṣù karùn-ún, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní fásitì wá. Oníbàárà mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, kì í jẹ iyọ̀. Mo wà lẹ́yìn níbi tí a ti ń ka páálí, mi ò mọ̀ pé ó wọlé. Nígbà tí mo jáde, orí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo bá a, ó jókòó, ó gbé ọ̀pá sórí itan, agbọ̀n ọjà rẹ̀ ṣófo.

"Bàbá, ẹ kú àbọ̀ sà. Kí lẹ jókòó síbí ṣe?"

"Mò ń wá yín nínú ilé yín ni," ó ní. "Ìyá Tọ́lá, ní Parakin, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé ẹ ó ti na bísíkíìtì tí kò níyọ̀ sí mi. Mo ti yí ibí po lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ìjà, ẹsẹ̀ ló ń dun òun. Ó wá ń sọ bí òun ṣe máa ń bá ìyàwó òun lọ sí Kingsway, ilé ìtajà ńlá kan ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn, láyé ijọ́un, pé ilé náà tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà á wá bá ọ, á bi ọ́ ohun tí o fẹ́, á mú ọ débẹ̀. "Ẹ̀yin gbé ilé wọn, ẹ ò gbé ẹni wọn."

Mi ò sùn lóru yẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé ọjà tó dára ni mò ń tà. Mímọ̀ ni wọ́n ń rà. Ọ́ọ̀tì wà ní Sábó, ólífì wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó máa rántí pé ẹ̀jẹ̀ bàbá ń ru, ìyẹn ni kò sí níbòmíràn, òun gan-an ni mo sì tú ká sínú 4,500 ẹsẹ̀ bàtà.

Ní oṣù keje mo pe kápẹ́ńtà. A fi plywood dí ìdá kan nínú mẹ́ta ilé náà láti ẹ̀yìn, a kùn ún ní àwọ̀ ògiri. A tú ìpele méjì òkè kúrò lára àtẹ kọ̀ọ̀kan kí ojú lè rékọjá rẹ̀, kí èmi lè máa rí ẹni tó ń wọlé, kí òun náà lè máa rí mi. Àtẹ mẹ́jọ la kó pamọ́. A pa gílóòbù tó ń tàn sórí ilẹ̀ lásán, a fi èyí tó ń tàn sórí ọjà sílẹ̀. Búrẹ́dì gbígbóná àti èso la kó sẹ́nu ọ̀nà: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọsàn, ohun tó ń tà lójoojúmọ́, tó sì ń ta òórùn síta. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni a ń fa ọjà wá sí etí àtẹ, kí agolo mẹ́fà lè dúró bí ogún. Mo gbé àga onítìmùtìmù méjì sí ẹ̀gbẹ́ kásíà. Mo yan ọmọbìnrin kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kí ènìyàn, kó mọ orúkọ, kó sì rántí.

Ọ̀sẹ̀ tí a parí rẹ̀, obìnrin kan wọlé, ó pàtẹ́wọ́. "Háà, ẹ ti kó ọjà tuntun dé!" Mi ò ra páálí kan.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ohun tí àwọn ńlá-ńlá ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn. Ó mẹ́nu ba Trader Joe's, tó mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí ilé ìtajà rẹ̀ kéré, tí oríṣi ọjà inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 4,000 lọ, níbi tí àwọn yòókù ti ń kó ẹgbẹẹgbàárùn-ún sílẹ̀. Ní 2024 ó tún fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi pé Whole Foods, tí ilé ìtajà wọn sábà máa ń fẹ̀ tó 40,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, ti ń ṣí irú kékeré ní New York, láti 7,000 sí 14,000. Nílé níbí, ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kìíní, ni Shoprite kúrò ní gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Kano. Mi ò fi ara mi wé wọn o. Ohun tí mo ń rò ni pé gbogbo ìgbà tí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ bá ṣófo, ẹnìkan bíi tèmi wà níbì kan tó ń wo òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́.

Ẹ̀yìn plywood kò gbọdọ̀ ṣófo, torí mò ń san owó rẹ̀. Mo fi ibẹ̀ háyà fún obìnrin kan tó ń dín àkàrà òwúrọ̀ tó sì ń se ọbẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni àwọn tirẹ̀ ń gbà. Lánlọ́ọ̀dù gbọ́, ó gbé ìwé àdéhùn dé, ó ka ìlà kan fún mi tí mo ti buwọ́ lù láìkà: èmi kò gbọdọ̀ fi apá kankan háyà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. A tún pín owó náà. Ẹ ka ìwé yín. Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ lè gba ènìyàn sílé, nítorí ìgbà tí ẹ bá ń wá ilé ni ẹnu yín tólẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti kó wọlé tán.

Ọ́ọ̀tì náà? Páálí mọ́kàndínlógún ló bàjẹ́. A kó o fún ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìpetumodu. Ẹni tó ni ẹlẹ́dẹ̀ ní wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa. Láti ìgbà yẹn, ohun tó bá kọ́kọ́ wọlé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, èyí tó bá sì ku oṣù mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà ló ń lọ, a dín owó rẹ̀ kù kó tó di ti ẹlẹ́dẹ̀.

Mi ò ní gùn ún lórí èyí tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa la jọ rí i: ọ̀wọ́n owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó ìrànwọ́ epo tí wọ́n yọ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, owó iná Band A, ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí ogún lójúmọ́, tó fò láti ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024. Ká ní yàrá títutù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ kì bá tí rí mi nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Gbèsè alájẹṣẹ́kù, ìparí 2024 ni mo tó san án tán. Ṣọ́ọ̀bù Òkèsà ni mo fi san án, yàrá kékeré yẹn, tí mi ò tilẹ̀ bẹ̀ wò dáadáa ní gbogbo ọdún tí mò ń bá ilé ńlá jìjàkadì.

Lóṣù tó kọjá ẹ́jẹ́ǹtì kan pè mí láti Iléṣà. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan ti kógbá sílé níbẹ̀, ó ní gbọ̀ngàn náà dára, táìlì rẹ̀ ń dán, àtẹ wà níbẹ̀, ilé ti parí, ọjà ló kù. Mo ní kó fi nọ́mbà mítà ránṣẹ́ sí mi. Kò tíì pè mí padà.